Ẹ Wo Ìrísí Ìràwọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Náwó

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, mo sì ka gbogbo wọn tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni kí n rà?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ ṣí fọ́tò tí ẹ yà gbẹ̀yìn, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ títí ìràwọ̀ kan ṣoṣo yóò fi tóbi tó èékánná lójú yín. Ìrísí ìràwọ̀ yẹn ló máa sọ ohun tó ṣe kámẹ́rà yín. Bó bá rí roboto ṣùgbọ́n tó wú, tó dà bí ẹni pé òwú ni wọ́n fi ṣe é, fókọ́ọ̀sì ni. Bí gbogbo ìràwọ̀ bá fà sọ́nà kan náà, ayé tó ń yí ló fà wọ́n. Bí wọ́n bá rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìlà tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fà, ẹsẹ̀ kámẹ́rà ló mì. Bí òrùka fúlẹ́fúlẹ́ bá yí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ká, ìrì ti sẹ̀ sójú lẹ́ǹsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìtọ́jú tirẹ̀, páálí, pákó àti sùúrù ló sì ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ya ojú ọ̀run. Kámẹ́rà àlòkù ni mo ń lò, pákó méjì tí mo kàn fúnra mi ló sì ń gbé e tẹ̀lé ìràwọ̀. Ohun tí mo bá sọ níbí, mo ti fọwọ́ ara mi ṣe é.

Òṣùpá tí kò lójú tí kò nímú

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Fóònù lásán ni mo ní. Gbogbo ìgbà tí mo bá ya òṣùpá, ńṣe ló ń jáde bí bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí kò lójú tí kò nímú. Ṣé fóònù mi ni kò dáa ni? Èmi ni, Aláìsùn."

Àbúrò mi Aláìsùn, fóònù rẹ kò ṣẹ̀ ọ́. Ó rí i pé sánmà ṣókùnkùn, ó ṣe bí òkùnkùn lo fẹ́ yà, ló bá lajú kalẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n òṣùpá kì í ṣe ohun òkùnkùn. Òkúta ni, oòrùn ọ̀sán gangan ló sì ń ràn sí i lára. Bí o ṣe máa ya òkúta tó wà nínú oòrùn ni kí o ṣe yà á. Àwọn oníkámẹ́rà ní òfin kan tó ti pẹ́ fún òṣùpá tó kún: bí ihò lẹ́ǹsì bá wà ní f/11, tí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sì jẹ́ 100, kí kámẹ́rà lajú fún 1/100 ìṣẹ́jú àáyá péré. Lórí fóònù, fi ìka tẹ òṣùpá náà, má sì tètè gbé ìka kúrò títí fóònù yóò fi tì í pa síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fa àmì oòrùn kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Bí o ṣe ń fà á ni wàá máa rí i tí àwọn ibi dúdú ojú òṣùpá ń yọ jáde níkọ̀ọ̀kan.

Ti pé ó kéré ńkọ́? Ìṣirò kan wà tó rọrùn. Mú gígùn lẹ́ǹsì, fi 110 pín in, ìyẹn ni bí òṣùpá ṣe máa tóbi tó nínú kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì 200 mm yóò fún ọ ní òṣùpá tí kò pé mìlímítà 2. Lẹ́ǹsì fóònù tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ yóò fún ọ ní ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí o fi nílò awò olójú méjì, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń wo ẹyẹ. Èyí tí wọ́n kọ 7x50 tàbí 10x50 sí lára ni mo fẹ́ràn jù.

Èyí tí èmi fi bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ni wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ. Ojú kan tó kù náà ló ṣe iṣẹ́. Mo gé páálí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, mo wé e mọ́ ibi tí èèyàn ń gbójú sí, mo fi téèpù dè é kí ó yọ síwájú díẹ̀, kí fóònù lè jókòó lé e láìyẹ̀. Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ lé orí àpò kékeré tí mo kó iyanrìn sí, mo fọwọ́ tẹ iyanrìn náà títí òṣùpá fi bọ́ sáàárín. Ìgbà tí mo fi ìka tẹ ojú fóònù ni gbogbo rẹ̀ tún yẹ̀. Bí o bá ní ohun ìgbọ́rọ̀ etí tó ní wáyà, tì í bọ inú fóònù, kí o máa fi bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè ya fọ́tò rẹ. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì yẹn ló ń ya fọ́tò bí kámẹ́rà bá ti wà ní ṣíṣí. Ọwọ́ rẹ kò ní kan fóònù rárá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Má dúró de òṣùpá tó kún. Ní alẹ́ tó kún, oòrùn dojú kọ ọ́ tààrà, kò sí òjìji kankan, ojú rẹ̀ a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ keje tàbí ìkẹjọ tí oṣù ti lé, nígbà tó bá dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn ni kí o gbójú sí. Níbẹ̀, etí kòtò kọ̀ọ̀kan a máa tàn, inú rẹ̀ a sì dúdú kirikiri. Bí o bá sì rí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ lẹ́bàá òṣùpá lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, àgùàlà nìyẹn, èyí tó ń bá òṣùpá rìn tí wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ya òun náà. Ayé tó dá dúró ni, oòrùn ló ń yí po, ó sì máa ń dà bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nígbà tó bá súnmọ́ wa. Awò 10x50 tí o gbé kalẹ̀ dáadáa tó láti fi rí i.

Ìwọ̀n pákó méjì

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo ní kámẹ́rà àlòkù kan àti lẹ́ǹsì 50 mm. Bí mo bá ní kó lajú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ìràwọ̀ dúró dáadáa. Bó bá di 30, gbogbo wọn a fà bí ìrù. Mo gbọ́ pé pákó méjì àti híńjì ilẹ̀kùn lè yanjú rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi, pákó kò wọ́n wa. Ẹ bá mi sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ Káfíńtà."

Ọmọ Káfíńtà, inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ gan-an, torí náà mo máa sọ ọ́ tán pátá.

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 23, ìṣẹ́jú 56 àti ìṣẹ́jú àáyá 4. Kámẹ́rà tó dúró sójú kan ń bá ayé yí, ìràwọ̀ ní tiwọn dúró, ìyẹn ló ń fa ìrù. Láì lo pákó kankan, fi gígùn lẹ́ǹsì pín 500, wàá mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí o lè lò. 500 tí o fi 50 pín jẹ́ 10. Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ, ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, bá jẹ́ irú kékeré tó wọ́pọ̀ nínú àlòkù, tún fi 1.5 pín in, ó di bíi 6 tàbí 7. O rí i pé 5 tìrẹ wà láàárín ààlà, 30 sì jìnnà sí i. Lẹ́ǹsì tó kúrú ń fún ọ láyè sí i: 24 mm lè fara da bíi 20 lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá.

Pákó méjì yẹn wá nìyí. Ọkùnrin ará Scotland kan, George Haig, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é dòní. Pákó ìsàlẹ̀ dúró lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, pákó òkè gbé kámẹ́rà, híńjì so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwé tí o ṣí. Bóòtù kan gba inú pákó ìsàlẹ̀ kọjá, ó ń ti ti òkè sókè díẹ̀díẹ̀. Lo bóòtù M6, irú tí eyín rẹ̀ fi mìlímítà 1 jìnnà síra, kí o sì máa yí i lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Láti àárín irin híńjì dé àárín bóòtù gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 228.6.

Má kàn há ìwọ̀n náà sórí, wo ibi tó ti wá. Fa òbìrìkìtì kan tí àárín rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀ ní mìlímítà 228.6. Bí o bá wọn etí rẹ̀ po, mìlímítà 1,436 ni. Wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56 náà, bí o bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú, 1,436 ni. Mìlímítà kan fún ìṣẹ́jú kan: bóòtù rẹ àti ayé ń rìn pọ̀. Bí o bá rí bóòtù onínṣì nìkan, èyí tó ní eyín 20 nínú ínṣì kan, jẹ́ kí ìwọ̀n náà di mìlímítà 290.

Ìwọ̀n yìí ló fìyà jẹ mí nígbà àkọ́kọ́. Láti etí pákó ni mo ti wọ̀n ọ́n, mi ò wọ̀n ọ́n láti àárín irin tí híńjì ń yí lé lórí, mìlímítà 9 sì wà láàárín méjèèjì. Ohun tí mo rí nínú fọ́tò oníṣẹ́jú mẹ́ta ni ìràwọ̀ tó gùn bí hóró, gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń dá ẹsẹ̀ kámẹ́rà lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ìrísí ìràwọ̀ ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́, torí ẹsẹ̀ tó mì kì í fa ìlà tó gún. Ìgbà tí mo tú híńjì tí mo sì tún un kàn ni wọ́n tó di ẹ̀rún.

Ní ti ọwọ́ iṣẹ́: jẹ́ kí bàbá rẹ bá ọ ki nọ́ọ̀tì bọ inú pákó ìsàlẹ̀, kí ó sì fi àtè líle mú un, kí ó má bàa bá bóòtù yí. Fi fáìlì ra ẹnu bóòtù títí yóò fi rí roboto, kí o sì lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ abẹ́ pákó òkè níbi tí ẹnu yẹn ti máa kàn án. Bí kò bá sí irin yẹn, bóòtù yóò máa gbẹ́ ihò sínú pákó, ìràwọ̀ rẹ yóò sì máa ta kúró. Híńjì tó bá ń ṣe jẹ́gẹjẹ̀gẹ, má lò ó. Èyí tó gùn tó fífẹ̀ pákó ló dáa jù. Rọ́bà tó lágbára tí o dè mọ́ pákó méjèèjì ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fò.

Gé páálí roboto, pín in sí 12 bí ojú aago, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bóòtù nísàlẹ̀. Gbé aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o máa yí páálí náà ní ìdá kan nínú 12 ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 5. Láti ìsàlẹ̀ tí o ti ń wò ó, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni ìwọ náà máa yí i. Àwọn kan ń fi mọ́tò kékeré ṣe é. Ó dáa, ṣùgbọ́n fọwọ́ yí i ná fún oṣù díẹ̀.

Ó ku ibi tí híńjì máa kọjú sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Irin híńjì gbọ́dọ̀ na ara rẹ̀ sí ibi tí gbogbo ìràwọ̀ ń yí po. Bí o bá wà ní àríwá ayé, ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Polaris wà níbẹ̀, kò jìnnà tó dígírì 1 sí ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ibi tí o wà bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ní dígírì ni Polaris ṣe ga tó: dígírì 50, ó ga ní 50. Dígírì 10, ó ga ní 10 péré, ilé tàbí igi lè bò ó, nígbà náà àpù atọ́nà inú fóònù ni wàá fi wá àríwá gidi. Ní gúúsù ayé kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, apá tó gùn jù nínú Southern Cross, àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú, ni àwọn èèyàn ń tẹ̀lé: fa ìlà rẹ̀ gùn ní bíi ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀, wàá dé itòsí ibẹ̀. Ọ̀pá báírò tí ó ti tán, tí o fi téèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin híńjì kí wọ́n jọ nà gbọọrọ, ni kí o máa yọjú wò. Tí Polaris bá ti wà nínú ihò báírò náà, ó tó fún lẹ́ǹsì 50 mm. Ẹ̀gbẹ́ tí híńjì wà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn, ibi yòówù kí o wà láyé.

Láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, bóòtù tó gún tààrà kò ní ṣe ọ́ ní ibi kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ìwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Torí náà yà á ní ìṣẹ́jú méjì méjì, kí o sì máa dá bóòtù padà sí ìsàlẹ̀. Fi ẹ̀dà fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí ìràwọ̀ rẹ.

"Ó ń fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 525"

Òǹkàwé kan tó pe ara rẹ̀ ní Olùṣọ́nà ń béèrè bóyá kí òun ra awò awọ̀nàjíjìn kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ 60 mm, tí wọ́n kọ "525" gàdàgbà sí páálí rẹ̀.

Má rà á. Ìlọ́po méjì mìlímítà ojú awò ni òpin ohun tó wúlò. 60 mm kò lè kọjá 120, ohun tó bá ju ìyẹn lọ kò ju àwòrán tó ṣú bàìbàì lọ. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ lé sì máa ń gbọ̀n bí ewé. Fi owó yẹn wá lẹ́ǹsì 50 mm f/1.8 àlòkù tàbí awò olójú méjì. Bí ó bá jẹ́ pé awò awọ̀nàjíjìn gan-an lọkàn rẹ fẹ́, wá èyí tí wọ́n ń pè ní Dobson, èyí tí ìdúró rẹ̀ jẹ́ pákó lásán. John Dobson tó gbé e kalẹ̀ jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní San Francisco, páálí roboto àti gíláàsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ló fi ń ṣe tirẹ̀, ó sì máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè yọjú wò. Irú rẹ̀ kì í tẹ̀lé ìràwọ̀, nítorí náà òṣùpá àti àwọn ayé bíi Jupiter ló wà fún, pẹ̀lú fóònù.

Èérún aláwọ̀ mèremère

"Akọ̀wé wa, mo kí yín o. Mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ló ra kámẹ́rà fún mi. Mo ya ìkùukùu tó wà lábẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní bẹ́líìtì Orion, mo rí i bí ohun tó ń rú pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tan fọ́tò náà síwájú sí i, èérún pupa àti àwọ̀ ewé á bo gbogbo rẹ̀. Ṣé kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni? Ìyá Àgbà."

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá wa. Kámẹ́rà kò bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kéré ni, èérún inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó o. Ìkùukùu tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ti òjò, gáàsì àti eruku tó wà láàárín ìràwọ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ ti rìn ní nǹkan bí ọdún 1,300 kó tó wọ lẹ́ǹsì yín. Ẹ má tan án síwájú sí i. Ẹ tún un yà.

Ohun tí mò ń sọ nìyí. Ẹ ya fọ́tò kan náà ní ìgbà 60, ìṣẹ́jú àáyá 6 sí 10 níkọ̀ọ̀kan, láìyí ohunkóhun padà. Nínú gbogbo wọn, ìràwọ̀ wà níbi kan náà sí ara wọn, ṣùgbọ́n èérún kì í dúró sójú kan, ibi tó wà nínú àkọ́kọ́ kọ́ ló máa wà nínú èkejì. Bí kọ̀ǹpútà bá wá to gbogbo wọn léra tó sì pín wọn dọ́gba, ohun tó dúró á lágbára, ohun tó ń sá kiri á máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Fọ́tò 4 ń dín èérún kù sí ìdajì, 16 ń dín in kù sí ìdámẹ́rin, 100 sí ìdámẹ́wàá. Ẹ rí i pé èrè rẹ̀ ń falẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, torí náà 60 jẹ́ ibi tó dáa láti dúró ní alẹ́ kan. Ọ̀fẹ́ ni DeepSkyStacker àti Siril tí wọ́n fi ń ṣe é. GIMP náà, tí ẹ máa fi tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Kí àwọn ọmọ bá yín gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó wọlé sùn, ẹ bá mi ṣe ohun kan sí i. Ẹ dé ọmọrí lẹ́ǹsì, kí ẹ ya nǹkan bí 20 nínú òkùnkùn biribiri, ISO kan náà, iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà, kí ara kámẹ́rà ṣì tutù bó ṣe tutù nígbà tí ẹ ń ya ìràwọ̀. Fọ́tò dúdú ni wọn, ṣùgbọ́n àwọn ojú sẹ́ńsọ̀ tó máa ń tàn láìnídìí wà nínú wọn, kọ̀ǹpútà á sì mọ ohun tó yẹ kí ó yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ń fo ìpele yìí torí oorun ti ń kùn wọ́n. Mo rọ̀ yín, ẹ má fò ó.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ìkùukùu yìí gan-an ni dókítà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, Henry Draper, kọ́kọ́ yà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ló fi jẹ́ kí awò ńlá rẹ̀ lajú. Ìyá wa, fọ́tò 60 ti ìṣẹ́jú àáyá 10, ìṣẹ́jú 10 péré ni, láti orí lẹ́ǹsì kékeré yín, ẹ ó sì rí àwọ̀ tí òun kò rí.

Ní kúkúrú

Sí ẹni tó sọ pé àmì àìlópin (∞) lórí lẹ́ǹsì òun kò fún òun ní ìràwọ̀ tó mú: àmì yẹn kì í sọ òótọ́ tán. Gbé kámẹ́rà sí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀, fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 10 lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, yí lẹ́ǹsì lọ yí i bọ̀ títí ìràwọ̀ fi kéré jù, kí o wá fi téèpù dè é pa. Tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan, torí òtútù ń sún un. Bí awò awọ̀nàjíjìn lo ń lò, gé páálí tí ọkùnrin ará Rọ́ṣíà nì, Pavel Bahtinov, ṣe ní ọdún 2005: ìlà híhá híhá lọ́nà mẹ́ta tó ń jẹ́ kí ìràwọ̀ yọ ìtànṣán mẹ́ta. Nígbà tí ti àárín bá wà ní àárín gẹ́rẹ́, ó ti mú.

Sí Arìnrìn-òru, tí fọ́tò rẹ̀ dáa fún wákàtí àkọ́kọ́ kó tó di fúlẹ́fúlẹ́: ìrì ni. Má fi aṣọ nù ún, wàá ha lẹ́ǹsì. Ká páálí dúdú mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kí ó yọ síwájú ní ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì fífẹ̀ rẹ̀, rí i pé kò bọ́ sínú fọ́tò, kí o sì ṣe é kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì tó kúrú lè má gba èyí tó gùn bẹ́ẹ̀. Àpò kékeré tó ń gbóná, irú tí wọ́n ń fi sínú ìbọ̀wọ́, tí o fi rọ́bà so mọ́ lẹ́ǹsì, á ṣe iṣẹ́ náà.

Sí àwọn méjì tó ń gbé ìlú tí iná pọ̀ sí: òṣùpá, àgùàlà, Jupiter àti òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tó tóbi jù kò bìkítà fún iná ìlú. Ẹ fi ìkùukùu àárín ìràwọ̀ àti Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó la ojú ọ̀run kọjá, sílẹ̀ de alẹ́ tí ẹ bá jáde nílùú, kí ó sì jẹ́ alẹ́ tí òṣùpá kò sí.

Oòrùn ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọlọ́dún mọ́kànlá fẹ́ ya oòrùn. Mo ní fíìmù tí wọ́n fi ya egungun àyà mi nílé ìwòsàn nígbà kan. Ṣé mo lè gé e sójú awò olójú méjì wa? Bàbá Ọmọ."

Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ bá mi kó fíìmù yẹn dànù kí ọmọ tó rí i. Ó lè mú oòrùn dúdú lójú, ṣùgbọ́n oríṣi ìtànṣán kan tí ojú kì í rí ń gbà á kọjá, awò olójú méjì á sì kó o jọ sójú kan. Ẹ̀yìn ojú kì í ní ìrora, èèyàn kò ní mọ̀ títí ó fi ti jóná. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún oòrùn, tó ń jẹ́ kí ẹyọ kan péré kọjá nínú 100,000, ni ohun kan ṣoṣo tó yẹ, iwájú lẹ́ǹsì ni wọ́n sì ń so ó mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn níbi tí ojú wà. Jígí tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára wà fún ojú lásán nìkan, kì í ṣe fún inú awò.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ náà ṣíwọ́. Ẹ jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sínú páálí, kó kẹ̀yìn sí oòrùn, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú ihò náà bọ́ sórí pépà funfun. Ohun tó máa rí kì í ṣe àwòrán ihò o, àwòrán oòrùn ni. Bí pépà bá fi mítà 1 jìnnà sí ihò, oòrùn á fẹ̀ ní bíi mìlímítà 9. Ó lè ya ìyẹn pẹ̀lú fóònù láìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin àti òun, ẹ ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ mú agolo ohun mímu tó ti ṣófo, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ fi abẹ́rẹ́ tíńrín lu ihò kan ṣoṣo sí àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ ká pépà fọ́tò aláwọ̀ dúdú-àti-funfun, irú ti àtijọ́, sínú rẹ̀, kí ojú tó ń dán kọjú sí ihò, kí pépà má sì bo ihò náà. Ẹ fi páálí dé orí rẹ̀, ẹ fi téèpù dúdú wé e kí omi àti ìmọ́lẹ̀ má ráyè wọ̀. Ẹ so ó mọ́ òpó tí kì í mì, kí ihò kọjú sí ibi tí oòrùn ń gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé orí yín gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá, ẹ dà á sẹ́yìn kí ihò wòkè díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, láti ìparí oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kejìlá, tàbí láti ìgbà yẹn padà sí oṣù Kẹfà. Ojoojúmọ́ ni oòrùn á máa fa ìlà kan sórí pépà, ìlà ọjọ́ kan lókè tàbí nísàlẹ̀ ti àná. Ní ibi ìwo-ìràwọ̀ University of Hertfordshire ní Bayfordbury, Regina Valkenborgh so irú agolo bẹ́ẹ̀ mọ́ awò kan ní ọdún 2012, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n tó tú u. Ọdún 8 àti oṣù kan, ìlà oòrùn 2,953.

Bí ẹ bá tú tiyín, ẹ má fi pépà náà sínú oògùn fọ́tò. Àwòrán ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì máa pa á rẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níta. Ẹ fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ yí dúdú padà sí funfun nínú GIMP. Èyí tí mo tú kẹ́yìn wà lára ògiri níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí: ìlà wúrà tó tẹ̀ bí ọrun, wọ́n tò léra láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ìlà ti já, ìkùukùu ló bo oòrùn ní wákàtí yẹn. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí kò sí ìlà rárá, dúdú lásán, tó fẹ̀ tó okùn bàtà. Mo mọ ọ̀sẹ̀ náà. Òjò kò dá ní gbogbo rẹ̀.